Nígbà tí géèjì epo ọkọ̀ Ìjàpá bá ń parọ́: bí wọ́n ṣe ń wá ibi tí àìsàn náà wà

Bí ọkọ̀ Volkswagen tí àwọn Yorùbá sọ ní Ìjàpá bá dákú lójú títì, tí abẹ́rẹ́ géèjì epo rẹ̀ sì ń tọ́ka sí ìdajì táǹkì, ẹ̀yìn ọkọ̀ ni ọ̀pọ̀ awakọ̀ máa ń sáré lọ, nítorí ibẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà. Wọ́n á tú pílọ́ọ̀gì, wọ́n á tú kabúrétọ̀, wọ́n á fi ẹnu fẹ́ páìpù, mẹkáníìkì tí wọ́n bá sì pè á ti ka nǹkan mẹ́ta mẹ́rin tó yẹ kí wọ́n rà sílẹ̀. Ó lè tó wákàtí méjì kí ẹnì kan tó rántí pé ó yẹ kí àwọn yẹ inú táǹkì wò, ìgbà náà ni wọ́n á ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé kò sí epo níbẹ̀ mọ́. Géèjì ló parọ́. Bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ ládùúgbò, ẹ̀rín ni wọ́n á fi rín. Ṣùgbọ́n bó bá ṣẹlẹ̀ lóru lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, tàbí lórí afárá Third Mainland tó gùn ju kìlómítà 11 lọ, níbi tí ọkọ̀ ńlá àti kékeré ti ń sáré bọ̀ lẹ́yìn, ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní ti ẹ̀rín.

Ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ géèjì tún wá ṣe pàtàkì sí i ni owó epo. Lọ́jọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023 ni Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde pé ìjọba kò ní í san owó ìrànwọ́ orí epo mọ́. Lítà bẹntiróòlù kan tí kò tó 200 náírà tẹ́lẹ̀ nílé epo ìjọba fò sókè kọjá 480 náírà láàárín ọjọ́ díẹ̀. Láti ìgbà náà, ìwọ̀nba ni ẹni tó ń sọ fún àwọn oníléepo pé kí wọ́n rọ ọ́ kún. Lítà márùn-ún márùn-ún, lítà mẹ́wàá mẹ́wàá ni ọ̀pọ̀ ń rà, ẹni tó bá sì ń fi epo díẹ̀ rìn kò lè má gbójú lé géèjì. Ọkọ̀ tí géèjì rẹ̀ ti kú láti ọdún mẹ́wàá, tí ẹni tó ni ín sì ń fi "mo rọ epo níjẹta" ṣírò, kò sí níbi tó wà tẹ́lẹ̀ mọ́.

Kì í ṣe pé ọkọ̀ Ìjàpá pọ̀ lójú títì mọ́ bíi ti ìgbà kan. Ọdún 1975 ni iléeṣẹ́ Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ pọ̀ ní Ọ̀jọ́, lójú ọ̀nà Èkó sí Bàdágìrì, Ìjàpá sì ni wọ́n kọ́kọ́ tò níbẹ̀. Ọdún kan náà ni Peugeot náà bẹ̀rẹ̀ ti wọn ní Kàdúná. Àwọn tó dàgbà díẹ̀ á rántí Igala tó jáde láti Ọ̀jọ́ bákan náà. Ọkọ̀ Brasília tí àwọn ará Brazil ṣe ni, Nàìjíríà ló ti gba orúkọ mìíràn. Wọ́n ti ṣíwọ́ títo Ìjàpá ní Ọ̀jọ́ tipẹ́, ìlú Puebla lórílẹ̀-èdè Mẹ́síkò ni wọ́n sì ti ṣe Ìjàpá tó kẹ́yìn pátápátá lóṣù keje ọdún 2003, lẹ́yìn tí iye tí wọ́n ti ṣe káàkiri àgbáyé ti lé ní mílíọ̀nù 21. Síbẹ̀, àwọn olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, àwọn dókítà àgbà, àtàwọn ọmọ tó jogún ọkọ̀ lọ́wọ́ bàbá wọn ṣì ń tọ́jú rẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ kan sì ti ń wá a rà báyìí nítorí pé ó ti di ohun àtijọ́ tó níyì. Nínú gbogbo ohun tó máa ń bàjẹ́ lára irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, géèjì epo ló rọrùn jù láti tún ṣe, òun náà sì ni àwọn èèyàn máa ń pa tì jù.

Kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ó yẹ kó mọ irú èyí tó wà nínú ọkọ̀ tirẹ̀, nítorí oríṣi mẹ́ta ni. Títí di ọdún 1961, Ìjàpá kò ní géèjì epo rárá. Igi tí wọ́n fàmì sí ni awakọ̀ fi ń wọn epo, ọwọ́ kékeré kan sì wà nísàlẹ̀ nítòsí ẹsẹ̀ tó máa ń fi tì nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ lójú ọ̀nà, kí lítà bíi márùn-ún tó kù nísàlẹ̀ táǹkì lè ṣàn wá. Ẹni tó bá gbàgbé láti dá ọwọ́ náà padà lẹ́yìn tó ti rọ epo tán, òun ló máa jẹ ìyà rẹ̀ nígbà mìíràn. Láti 1962 títí di 1967, wọ́n fi géèjì tí kò lo iná sí i: ohun kan tó ń léfòó nínú epo ló ń fa okùn wáyà, bí okùn búrẹ́ẹ̀kì kẹ̀kẹ́ ṣe máa ń ṣe, okùn náà ló sì ń fa abẹ́rẹ́ níwájú awakọ̀. Èyí kò le láti tún ṣe. Bí abẹ́rẹ́ rẹ̀ bá lẹ̀ síbì kan, okùn náà ló ti gbẹ tàbí tó dípẹtà nínú àpò rẹ̀. Kí wọ́n fa á jáde, kí wọ́n fi gírísì díẹ̀ pa á, kí wọ́n dá a padà. Bó bá wá ń fi iye tí kì í ṣe òótọ́ hàn, síkúrù kékeré kan wà tí wọ́n fi ń tún un gbé sípò. Ìyẹn tán.

Èyí tó ń da àwọn èèyàn láàmú ni ẹlẹ́ẹ̀kẹta, géèjì oníná tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọkọ̀ ọdún 1968, tó wà nínú ojú kan náà pẹ̀lú géèjì eré sísá. Nǹkan mẹ́rin ló so mọ́ra nínú iṣẹ́ rẹ̀. Àkọ́kọ́ ni fúlótà tó wà nínú táǹkì: ọ̀pá onírin kan ni, ohun tó ń léfòó wà nínú rẹ̀ tó ń lọ sókè sódò lára wáyà tín-ín-rín, wáyà yìí ló sì ń dí iná lọ́wọ́, kékeré tàbí púpọ̀, gẹ́gẹ́ bí ibi tí epo dé. Ẹlẹ́ẹ̀kejì ni wáyà tó ti orí táǹkì lọ sí ẹ̀yìn dáṣíbọọ̀dù. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta ni géèjì fúnra rẹ̀. Ẹlẹ́ẹ̀kẹrin ni ohun kékeré kan tí wọ́n ń pè ní fàìbúrétọ̀, tí wọ́n dè mọ́ ẹ̀yìn géèjì náà, tí kì í jẹ́ kí iná bátìrì fóòtì 12 dé ọ̀dọ̀ géèjì tààrà. Ṣe ló máa ń já iná náà, tó tún máa ń so ó, ní kíákíá, kí ohun tó kù nínú rẹ̀ lè jẹ́ ìwọ̀n kan náà yálà bátìrì ń gba iná dáadáa tàbí kò gbà.

Inú géèjì yẹn, irin pẹlẹbẹ méjì tí kì í ṣe oríṣi kan náà ni wọ́n lẹ̀ pọ̀, wọ́n sì wé wáyà mọ́ ọn lára. Bí iná bá gba inú wáyà náà, á gbóná, irin méjèèjì á fẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò ní í fẹ̀ bákan náà, nítorí náà wọ́n á tẹ̀, títẹ̀ yìí ló sì ń ti abẹ́rẹ́ lọ. Ìdí nìyí tí abẹ́rẹ́ kì í fi í fò sókè bí awakọ̀ bá ṣíná ọkọ̀. Díẹ̀díẹ̀ ló ń gùn, bí ẹni tó ń jí lójú oorun. Àwọn kan ti tìtorí èyí pààrọ̀ géèjì tí kò ṣẹ̀.

Bí epo bá kún, fúlótà kì í dí iná lọ́wọ́ púpọ̀, nǹkan bíi óòmù 10 péré ni, iná púpọ̀ á kọjá, géèjì á gbóná, abẹ́rẹ́ á gùn. Bí epo bá ń tán, ìdènà náà á máa pọ̀ sí i títí tó fi máa lé ní óòmù 70, iná á dín kù, abẹ́rẹ́ á sì wálẹ̀. Ẹni tó bá di èyí mú lọ́kàn ti mọ ìdajì iṣẹ́ náà. Bí wáyà bá já níbikíbi lójú ọ̀nà, iná kò ní í kọjá rárá, abẹ́rẹ́ á sùn sí ìsàlẹ̀, á máa sọ pé kò sí epo. Bí wáyà náà bá bó, tí ara rẹ̀ wá ń kan bọ́dì ọkọ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ fúlótà, kò ní í sí ohun tó ń dí iná lọ́wọ́, abẹ́rẹ́ á lọ lẹ̀ mọ́ òkè, á máa sọ pé táǹkì kún. Irọ́ àkọ́kọ́ kì í pa ẹnikẹ́ni lára ju pé ó ń mú èèyàn lọ sílé epo lọ́pọ̀ ìgbà. Irọ́ kejì ló ń gbé èèyàn jù sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Nítorí náà, géèjì tó ń sọ pé táǹkì kún nígbà gbogbo ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ bẹ̀rù, kì í ṣe èyí tó kú fin-ín-fin-ín.

Iṣẹ́ náà kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ láìmọ iye epo tó wà nínú táǹkì ní tòótọ́. Bí wọn kò bá mọ̀ ọ́n, báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ mọ̀ pé irọ́ ni géèjì ń pa? Nínú àwọn Ìjàpá tí ẹnu táǹkì wọn wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, igi gbígbẹ tó mọ́ tónítóní tó láti wọ̀n ọ́n. Nínú àwọn ti 1968 sókè, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ọkọ̀ ni wọ́n gbé ẹnu rẹ̀ sí, ọ̀nà rẹ̀ sì tẹ̀, igi kì í fẹ́ dé ìsàlẹ̀, nítorí náà ihò tí fúlótà jókòó sí ni wọ́n ń gbà wò ó. Táǹkì náà ń gba nǹkan bíi lítà 40. Iná tọ́ọ̀ṣì nìkan ni kí wọ́n fi wo inú rẹ̀, kò gbọdọ̀ jẹ́ ìṣáná tàbí láítà, kò sì gbọdọ̀ sí ẹni tó ń mu sìgá nítòsí. Òru epo bẹntiróòlù wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, kì í fò lọ kíákíá. Ìsàlẹ̀ inú bọ́nẹ́ẹ̀tì yẹn ló máa ń kó jọ sí, ó sì lè wà níbẹ̀ pẹ́ lẹ́yìn tí imú ti gbàgbé òórùn rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, kí wọ́n yí kọ́kọ́rọ́ láìtan ẹ́ńjìnnì, kí wọ́n wo àwọn iná kéékèèké inú ojú géèjì, èyí tó ń sọ nípa ọ́ìlì àti èyí tó ń sọ nípa bátìrì. Bí kò bá sí èyí tó tàn, tàbí tí tiráfíkétọ̀ náà kú, kì í ṣe ọ̀rọ̀ géèjì epo nìkan; kí wọ́n yẹ fíúùsì wò. Fíúùsì àwọn ọkọ̀ yìí máa ń dípẹtà ní ẹnu méjèèjì, ó lè máà jó, síbẹ̀ kí iná máà gba inú rẹ̀ kọjá. Yíyí i nínú ilé rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mejì mẹ́ta lè jẹ́ gbogbo iṣẹ́ ọjọ́ náà.

Bí àwọn iná yẹn bá tàn dáadáa, ó kan àyẹ̀wò tó ṣe kókó jù, èyí tí ríwáyà tó mọṣẹ́ á fi ìṣẹ́jú márùn-ún ṣe. Kí wọ́n ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n gbé páálí tó bo orí táǹkì kúrò. Wọ́n á rí ìdérí fúlótà lórí táǹkì náà, síkúrù márùn-ún ló dè é mọ́lẹ̀, wáyà kan sì wọ orí rẹ̀. Kí kọ́kọ́rọ́ wà ní pípa, kí wọ́n fa wáyà náà yọ, kí wọ́n má jẹ́ kó kan ohunkóhun, lẹ́yìn náà kí ẹnì kan yí kọ́kọ́rọ́. Abẹ́rẹ́ gbọ́dọ̀ sùn sí ìsàlẹ̀. Bó bá ṣì wà lókè, wáyà náà ti bó níbì kan láàárín táǹkì àti dáṣíbọọ̀dù, ibẹ̀ ló sì ń kan bọ́dì. Lábẹ́ dáṣíbọọ̀dù, níbi tí wáyà ti ń gba ihò inú irin kọjá, ni kí wọ́n ti kọ́kọ́ wá a, nítorí rọ́bà tó yẹ kó dáàbò bò ó níbẹ̀ kì í lò ju ogún ọdún tí kò fi ní í gbẹ dànù.

Bí abẹ́rẹ́ bá sùn bó ṣe yẹ, kí wọ́n pa kọ́kọ́rọ́ padà. Kí wọ́n wá mú wáyà mìíràn tó gùn díẹ̀, kí wọ́n fi so ẹnu wáyà tí wọ́n fà yọ náà mọ́ irin ọkọ̀ tí kò ní ọ̀dà lára, níbi tó jìnnà sí táǹkì. Ìgbà tí wọ́n bá so ó tán pátápátá ni kí wọ́n tó yí kọ́kọ́rọ́. Ètò yìí kì í ṣe àṣejù: bí wọ́n bá fi wáyà tó ní iná gbá irin lórí táǹkì, á ta pàrà, iná kékeré tó ta yẹn sì tó láti mú òru epo gbiná. Kò sí àyẹ̀wò kankan tó yẹ kí wọ́n ṣe pẹ̀lú iná nígbà tí ihò táǹkì bá wà ní ṣíṣí. Bí wọ́n bá ti yí kọ́kọ́rọ́, abẹ́rẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í gùn, á sì dé òkè láàárín ìṣẹ́jú kan tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀. Bó bá ti débẹ̀, kí wọ́n pa á lójú ẹsẹ̀, nítorí géèjì kò yẹ kó máa gba irú iná bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ohun tí wọ́n ti mọ̀ báyìí pọ̀: géèjì dára, fàìbúrétọ̀ ń ṣiṣẹ́, wáyà kò já. Ọ̀dọ̀ fúlótà ni ẹjọ́ kù sí. Bí abẹ́rẹ́ kò bá mira rárá, iwájú ni ẹjọ́ wà, nínú wáyà, géèjì tàbí fàìbúrétọ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ná owó tí kò yẹ ni ìgbésẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Bí wọ́n bá ti sọ pé fúlótà ló kù, ọjà ni wọ́n ń sáré lọ. Ó yẹ kí wọ́n ní sùúrù díẹ̀. Iná tó bá dé fúlótà gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà padà sí ẹnu nẹ́gẹ́tíìfù bátìrì, irin ọkọ̀ ló sì ń gbà padà. Ọkọ̀ tó ti lé ní ogójì ọdún, tí wọ́n ti kùn lẹ́ẹ̀mẹta, tí ìpẹtà ti wọ abẹ́ síkúrù táǹkì rẹ̀, lè máà ní ọ̀nà yìí mọ́. Kí wọ́n dá wáyà padà sórí fúlótà, kí wọ́n fi wáyà mìíràn so ara ìdérí fúlótà mọ́ irin ọkọ̀ tí wọ́n ti há ọ̀dà rẹ̀ kúrò, ní pípa kọ́kọ́rọ́ bíi ti ìṣáájú, kí wọ́n wá yí i. Bí abẹ́rẹ́ bá gùn lọ síbi tó bá epo inú táǹkì mu, àrùn náà ti hàn. Wáyà tí kò ju gígùn ọwọ́ lọ, síkúrù kan, àti bébà ìháyanrìn ni oògùn rẹ̀.

Bí ìyẹn kò bá yí nǹkan padà, ìgbà náà ni kí wọ́n yọ fúlótà. Kí wọ́n kọ́kọ́ yọ ẹnu nẹ́gẹ́tíìfù bátìrì, tó wà lábẹ́ àga ẹ̀yìn, kí ọkọ̀ sì wà níta gbangba, kì í ṣe inú gáréèjì tí wọ́n tì pa. Wọ́n á tú síkúrù márùn-ún náà, wọ́n á fa ọ̀pá náà jáde jẹ́jẹ́, wọ́n á jẹ́ kí epo rẹ̀ ro, wọ́n á sì fi aṣọ bo ihò táǹkì. Kí wọ́n gbé e lọ síbi tó jìnnà, kí wọ́n so ẹnu míítà kan mọ́ ibi tí wáyà ń wọ̀, kí wọ́n so èkejì mọ́ ara irin rẹ̀. Bí ọ̀pá bá dúró bó ṣe máa ń dúró nínú táǹkì, ohun tó ń léfòó wà nísàlẹ̀, míítà gbọ́dọ̀ sọ nǹkan tó lé díẹ̀ ní óòmù 70. Bí wọ́n bá ń yí i padà díẹ̀díẹ̀ títí tí orí rẹ̀ fi di ìdí, iye náà gbọ́dọ̀ máa wálẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́ títí dé nǹkan bíi 10. Kí wọ́n tún fetí sí i: ohun inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa rìn, kí ìró rẹ̀ sì máa dún. Bí kò bá rìn, ìdọ̀tí epo ló mú un, fífi epo bẹntiróòlù mímọ́ ṣàn án lè tú u sílẹ̀. Bó bá ń rìn ṣùgbọ́n tí míítà ń fò láti iye kan sí òmíràn, wáyà tín-ín-rín inú rẹ̀ ti jẹ níbì kan, ìyẹn ló sì ń fa abẹ́rẹ́ tó ń ṣe dáadáa títí dé ìdajì tó wá ṣubú lójijì. Irú wáyà bẹ́ẹ̀ kò ṣe é lẹ̀. Òmíràn ni kí wọ́n rà. Gáskẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ni kí wọ́n pààrọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, torí èyí tó ti gbó kò ní í dí ihò náà pa mọ́, òórùn epo á sì wọ inú ọkọ̀ bá àwọn tó jókòó.

Ní ti àwọn tí abẹ́rẹ́ wọn kọ̀ láti gùn nígbà àyẹ̀wò, kí wọ́n fi tẹ́sítà oníná kékeré wo ẹnu tí iná ń gbà jáde lára fàìbúrétọ̀. Iná tẹ́sítà náà gbọ́dọ̀ máa ṣẹ́jú. Bó bá tàn gbirin láìṣẹ́jú, ohun tó ń já iná nínú rẹ̀ ti lẹ̀ pọ̀, gbogbo fóòtì 12 ló sì ń lọ sọ́dọ̀ géèjì. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni géèjì rẹ̀ máa ń sọ iye tó ju òótọ́ lọ kó tó jó níkẹyìn. Bí kò bá tàn rárá, tí iná sì ń wọlé sí i, òun ló kú, tàbí kò rí irin ọkọ̀ kàn dáadáa, nítorí òun náà nílò ọ̀nà nẹ́gẹ́tíìfù tirẹ̀. Bó bá ń ṣẹ́jú tí géèjì kò sì mira, tí wọ́n sì ti rí i pé wáyà kò já, wáyà ara irin inú géèjì ló ti jó. Àwọn ríwáyà kan máa ń yọ fàìbúrétọ̀ kúrò tí wọ́n á so wáyà tààrà, kí oníbàárà lè rí i pé abẹ́rẹ́ ti dìde. Iṣẹ́ ọjọ́ kan ni irú rẹ̀.

Ọjà Ládípọ̀ ní Mushin l'Ékòó àti Gate n'Íbàdàn ni wọ́n ti máa ń wá àwọn ẹ̀yà ara ọkọ̀ yìí, tòkunbọ̀ ló sì pọ̀ jù níbẹ̀. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé fúlótà tó bá ihò táǹkì mu kì í ṣe ẹ̀rí pé ó bá géèjì mu. Ọkọ̀ Amẹ́ríkà tó jẹ́ ti General Motors, fún àpẹẹrẹ, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń lo èyí tí ìdènà rẹ̀ jẹ́ òfo nígbà tí epo bá tán, tó sì ń di 90 nígbà tó bá kún. Bí wọ́n bá fi irú rẹ̀ sínú Ìjàpá, géèjì á máa sọ̀rọ̀ sẹ́yìn: á ní epo kún nígbà tó bá tán, á ní ó tán nígbà tó bá kún. Táǹkì 1302 àti 1303 náà kò rí bíi ti 1300, nítorí náà kí wọ́n mú fúlótà àtijọ́ dání lọ sọ́jà láti fi wọn gígùn, kí wọ́n sì mú míítà lọ. Oníṣòwò tó bá kọ̀ kí wọ́n fi míítà wo ọjà rẹ̀ ti dáhùn ìbéèrè tí wọ́n fẹ́ bi í.

Ìgbà mìíràn wà tí wọ́n ń fẹ̀sùn kan géèjì láìjẹ̀bi. Ọkọ̀ dákú, géèjì ní epo wà, gbogbo èèyàn sì gbà pé irọ́ ló ń pa, bẹ́ẹ̀ epo wà lóòótọ́. Bí ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ táǹkì bá dí, yálà torí pé wọ́n fi ìdérí ọkọ̀ mìíràn de ẹnu rẹ̀ tàbí ìdọ̀tí dí ihò, pọ́ǹpù kò ní í lè fa epo mọ́ lẹ́yìn ìrìn díẹ̀. Kí wọ́n ṣí ìdérí táǹkì: bí wọ́n bá gbọ́ ìró afẹ́fẹ́ tó wọlé fùú, tí ọkọ̀ sì tan lẹ́yìn náà, wọ́n ti mú ọ̀daràn.

Bí ọ̀rọ̀ bá dé ibi tí wọ́n ti gbọ́dọ̀ fa epo kúrò nínú táǹkì, ọ̀pọ̀ ṣì ń fi ẹnu fà á pẹ̀lú rọ́bà. Epo bẹntiróòlù tó bá ṣèèṣì wọ ẹ̀dọ̀fóró, bó ti wù kó kéré mọ, lè dá àìsàn ńlá sílẹ̀. Ẹni tó bá gbé e mì, kí wọ́n má fún un ní epo pupa, kí wọ́n má sì gbìyànjú láti mú un bì, nítorí ìgbà tó bá ń bì gan-an ni epo máa ń ráyè wọ ẹ̀dọ̀fóró. Ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbé e lọ. Rọ́bà onípọ́ǹpù ọlọ́wọ́ kò wọ́n lọ́jà. Bákan náà ni ti táǹkì tó ń jò. Kò sí ẹni tó gbọdọ̀ gbé e fún wẹ́dà nítorí pé epo ti tán nínú rẹ̀. Táǹkì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ da epo inú rẹ̀ nù léwu ju èyí tó kún lọ, òru epo tó pò mọ́ afẹ́fẹ́ ló wà níbẹ̀, òun ló sì máa ń bú gbàù. Kẹ́ẹ̀gì epo tí àwọn tí géèjì wọn kú máa ń gbé sábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, "kó má baà tán lójú ọ̀nà", kò yàtọ̀ sí èyí: iwájú orúnkún awakọ̀ ni bọ́nẹ́ẹ̀tì Ìjàpá wà, bí ọkọ̀ bá forí sọ nǹkan, ibẹ̀ ló kọ́kọ́ ń kàn.

Nígbà tí wọ́n bá tún un ṣe tán, abẹ́rẹ́ tó ń mira kò tíì tó. Kí wọ́n dúró dìgbà tí táǹkì bá fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ, kí wọ́n rọ lítà 5 sí i nílé epo tó ṣe é gbọ́kàn lé, kí wọ́n dúró kí abẹ́rẹ́ fara balẹ̀, kí wọ́n kọ ibi tó wà sínú ìwé. Kí wọ́n rọ 5 mìíràn, kí wọ́n tún kọ ọ́, títí dé 40 tí owó bá wà, tàbí kí wọ́n pín in sí ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan. Nínú ọ̀pọ̀ Ìjàpá, wọ́n á rí i pé abẹ́rẹ́ kì í wálẹ̀ bákan náà: ó máa ń pẹ́ lókè, ó sì máa ń yára nígbà tó bá ti kọjá ìdajì. Kí wọ́n fi ìwé náà sínú àpótí dáṣíbọọ̀dù, pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ́ àti iye kìlómítà tí ọkọ̀ ti rìn lọ́jọ́ náà.